Ẹ Má Tíì Da Páálí Yẹn Nù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa

A mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí àwa nọ́ọ̀sì tí a dìde dúró níwájú yín, ọkàn yín á ti máa sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tún dé, pé a fẹ́ wá gba iyọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré ni a gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n eré tó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ ní ilé tó ju ẹyọ kan lọ ní ìlú òyìnbó yìí.

Ẹ ó rántí pé ẹgbẹ́ yan àwa kan láti to ẹrù fún ọjà àlòkù tí a fi ń kówó jọ. Ìyá wa kan kó àpò mẹ́ta wá. Ó ń palẹ̀ yàrá tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń sùn nígbà èwe mọ́. Nínú àpò kẹta, a rí páálí pupa kan tí wọ́n ya dírágónì sí lójú. Bí Ìyá ti rí i lọ́wọ́ wa, ó ní, "Ẹ má ta ìyẹn o. Ẹ bá mi dà á nù. Nǹkan àjẹ́ ni." Wọ́n sọ fún wa pé ní 1986 ni àwọn gbà á lọ́wọ́ ọmọ, nígbà tí oníwàásù kan sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan kún un tí kò kúrò lọ́kàn wa. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ yẹn kò bá mi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́."

A bẹ Ìyá pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó dà á nù. A lọ kàwé, a bi àwọn tó mọ̀ léèrè, a sì ṣí páálí náà. Ohun tí a rí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, irú eré wo ni? Orúkọ rẹ̀ ni Dungeons & Dragons. Kò ní pátákó bíi ti lúdò, kò sì ní ihò bíi ti ọpọ́n ayò. Àwọn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni aṣíwájú, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí ojú wọn rí. Àwọn yòókù, kálukú ló ní ènìyàn kan tó ń ṣe. Aṣíwájú lè sọ pé, "Ẹ ti dé ẹnu ihò kan. Ẹ gbọ́ tí nǹkan ń mí nínú rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe?" Ẹnì kan á ní òun á wọlé, ẹnì kejì á ní kí wọ́n kọ́kọ́ tan iná. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá le, wọn á da dáìsì, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Agbára ẹni náà, ọgbọ́n rẹ̀ àti ohun ìjà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ lórí bébà tó wà níwájú rẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan jẹ, ẹnì kan pa. Bí gbogbo wọn bá padà wálé láàyè, wọ́n ti ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ilé ìwé, ṣé ẹ ti mọ ohun tí a ń sọ? Ẹ rántí àwọn tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, ẹnì kan sì jẹ́ tafàtafà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ìrìn náà rìn. Bí ẹ bá fi bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì sí ìtàn yẹn, tí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí Kàkó máa ṣe nígbà tó bá pàdé ẹbọra lójú ọ̀nà, eré náà nìyẹn.

Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà yẹn jáde. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bí Gary Gygax ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìwé ìtàn òyìnbó ni òun kà ní tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1970. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ń tún bàtà ṣe ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, kí ilé má bàa dá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn láti máa fi ọmọ ológun kéékèèké ṣeré ogun lórí tábìlì. Ní 1968, ó háyà gbọ̀ngàn àwọn olùfẹ́ òdòdó ní ìlú náà kí àwọn tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ lè wá pàdé ara wọn. Gen Con ni wọ́n sọ ìpàdé náà, ó sì wà títí di òní. Ní 1971, òun àti Jeff Perren gbé ìwé òfin eré ogun kan jáde tí wọ́n pè ní Chainmail. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n ti fi oṣó àti dírágónì kún eré ogun.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Ní Minnesota, David Wesely ti ṣe eré kan ní 1969 tó jẹ́ pé dípò kí ẹnì kan máa darí ọmọ ogun, ó fún kálukú ní ẹnì kan ṣoṣo tí yóò jẹ́. Dave Arneson wà nínú àwọn tó ń bá a ṣeré. Arneson mú èrò yẹn, ó pa á pọ̀ mọ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn ẹ̀dá abàmì, ó sì pe ilẹ̀ tó dá sílẹ̀ ní Blackmoor. Ó wá fi í han Gygax, àwọn méjèèjì sì jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn títí ó fi di ìwé.

Àwọn tó ń tẹ eré jáde kò gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìwé lọ bá àwọn atẹ̀wé rí mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Don Kaye, ọ̀rẹ́ Gygax láti kékeré, ló yá 1,000 dọ́là lórí ìwé adójútòfò ẹ̀mí rẹ̀. Òun àti Gygax fi owó náà dá ilé iṣẹ́ Tactical Studies Rules sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1973. Owó náà kò tó tẹ eré ńlá yẹn, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé kékeré kan nípa ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni Brian Blume mú 2,000 dọ́là wá. Ní oṣù Kìíní 1974, eré náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣàpèjúwe ohun tó jáde náà dáadáa. Páálí kan ni, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ igi bò. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi píìnì de láàárín, bí èyí tí a fi ń tẹ orin ìsìn òkú. Ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n tẹ̀. Nínú ilé ni wọ́n ti ń kó ìwé sínú páálí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́. Dọ́là 10 ni wọ́n ń tà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á sí ọ̀wọ́n. Dáìsì kò sí nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹ ó fi owó ìyẹn rà á. Àwòrán inú rẹ̀ dà bí èyí tí ọmọ ilé ìwé yà. Síbẹ̀, kí ọdún tó yí po, 1,000 náà tán. Wọ́n tún tẹ 1,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìyẹn náà tán.

Ó dùn wá pé Don Kaye kò rí i. Ní oṣù Kìíní 1975, àìsàn ọkàn pa á lójijì ní ẹni ọdún 36. Owó orí ẹ̀mí rẹ̀ ló fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì jẹ nínú èrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin inú wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ìfúnpá yín. A ti ṣèlérí pé a kò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló fà á.

Dáìsì náà ní ìtàn tirẹ̀. Dáìsì tí a mọ̀, ojú mẹ́fà ló ní. Ti eré yìí ní ojú 4, 6, 8, 12 àti 20. Ilé iṣẹ́ kan ní California, tó ń ta ohun èlò fún àwọn olùkọ́ ìṣirò, ni wọ́n ti rí i, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rà á tà. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí igun rẹ̀ fi ń jẹ, tí dáìsì olójú 20 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di róbótó. Nígbà tí dáìsì wọ́n ní 1979, bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni wọ́n fi sínú páálí, kí ọmọ gé e, kó dà á sínú ife, kó sì máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a mọ̀ sí ọgbọ́n ọ̀nà àtiyọ nìyẹn.

Bí ti ọ̀kan ṣe ń tà, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń dìde. Ken St. Andre ní Phoenix, Arizona, ka òfin eré náà, ó ní ó le jù. Ó jókòó, ó kọ tirẹ̀ tó jẹ́ dáìsì olójú mẹ́fà nìkan ni ó lò. Tunnels & Trolls lorúkọ rẹ̀, ẹ̀dà 100 ló kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1975. Ní 1976, tọkọtaya kan, Pete àti Judy Kerestan, tẹ ìrìn àjò kan tó ti wà létòlétò tí aṣíwájú kàn lè ṣí kó sì lò. Ọdún yẹn náà ni Judges Guild bẹ̀rẹ̀ ní Decatur, Illinois, tí wọ́n ń fi àwòrán ilẹ̀ àti ìlú ránṣẹ́ sí àwọn tó ti sanwó sílẹ̀. Traveller tó ń sọ nípa ìrìn àjò láàárín àwọn ìràwọ̀ dé ní 1977, RuneQuest tẹ̀lé e ní 1978. Nínú gbogbo wọn, díẹ̀ ló ní owó. Ohun tí wọ́n ní ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, adírẹ́sì àwọn ọ̀rẹ́, àti sítáǹbù.

Báwo ló ṣe wá dé London yìí? Ẹ tẹ́tí sí ibi yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ẹgbẹ́ yé fi owó tẹ ìwé ìròyìn. Ní 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake, jọ ń gbé ní ilé ìyágbé kan ní Shepherd's Bush. Wọ́n dá Games Workshop sílẹ̀ níbẹ̀. Peake ń fi igi gbẹ́ pátákó eré, àwọn méjì yòókù sì ń ṣe ìwé ìròyìn kékeré kan tí wọ́n pè ní Owl and Weasel, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mọ̀. Ẹ̀dà kan dé ọwọ́ Gygax ní Wisconsin. Ó rò pé ilé iṣẹ́ gidi ni wọ́n, ó fi eré rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ra páálí mẹ́fà, mẹ́fà péré, wọ́n sì fi gba àṣẹ láti jẹ́ àwọn nìkan tí yóò máa tà á ní gbogbo Yúróòpù fún ọdún mẹ́ta. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ lù ló ṣe é.

Peake kò fẹ́ràn irú eré yìí, ó bá tirẹ̀ lọ. Onílé lé àwọn méjì tó kù jáde, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan kí wọ́n lè rí ibi wẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ dé ìlú yìí tí ẹ sùn sí pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ní oṣù Kẹfà 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn White Dwarf, ní oṣù Kẹrin 1978 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́ ní Hammersmith. Ní 1982, Livingstone àti Jackson kọ The Warlock of Firetop Mountain, ìwé tí ọmọ lè dá nìkan fi ṣeré, tí yóò máa yan ojú ewé tó fẹ́ ṣí sí. Àwọn ọmọ tí ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀rù tó ba Ìyá wa, nítorí ẹ̀rù náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹjọ 1979, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 16 kan pòórá ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹbí rẹ̀ gbà méfò pé ó lè jẹ́ pé eré yìí ló ń ṣe nínú àwọn ihò abẹ́ ilé ìwé tó fi sọnù. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e, ó kárí ayé. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọmọ náà láàyè ní Louisiana. Ìdààmú ọkàn ló lé e jáde, kì í ṣe eré, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1984. Ṣùgbọ́n irọ́ ti rìn lógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ní 1983, ìyá kan ní Amẹ́ríkà tí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun ti eré yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ orí pẹpẹ ìwàásù, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwa kò ní fi ìyá yẹn ṣẹ̀sín láéláé. A ti jókòó ti àwọn òbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a mọ̀ pé ọkàn wọn á máa wá ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà kò rí ẹ̀rí pé eré yìí ló ń fà á. Ewu tó wà nínú kí á di ẹ̀bi ru páálí ni pé a kò ní wo ojú ọmọ mọ́. Bí ọmọ kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tó ń yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń pín ohun tó fẹ́ràn fún ènìyàn, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má wá páálí kiri. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè láìfi ọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ń bá ọ̀rẹ́ mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká, tó ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe òun ni à ń bẹ̀rù fún jù lọ.

Ẹ̀yin kan ti ń wò wá pé kí a dé ibi owó. A ti dé ibẹ̀. Lónìí, àwọn kan ń kó àwọn ìwé àtijọ́ yìí jọ bí a ṣe ń kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn jọ. Páálí aláwọ̀ igi ti 1974 tó jẹ́ dọ́là 10 ti di ohun tí wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là rà. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀? Ohun kéékèèké ni wọ́n ń wò. Àpẹẹrẹ kan rèé: ìwé àkọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ hobbit, tó jẹ́ ti ìwé Tolkien. Ní 1977, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí i fẹjọ́ sùn, wọ́n sì yí i padà sí halfling. Nítorí náà, ẹ̀dà tó bá ṣì ń pè é ní hobbit ti pẹ́. Òmíràn ni ìwé òrìṣà tí wọ́n tẹ̀ ní 1980, Deities & Demigods. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní ojú ewé 144. Wọ́n yọ orí méjì kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì di 128. Ẹni tó ń kó o jọ á kọ́kọ́ ka ojú ewé kó tó fọwọ́ kan àpò.

Nígbà mìíràn, dídànù gan-an ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ní 1981, Jean Wells, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tó ń kọ eré ní ilé iṣẹ́ náà, kọ Palace of the Silver Princess, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Ìwé náà ti jáde tán kí àwọn ọ̀gá tó rí àwòrán kan nínú rẹ̀ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹlòmíràn sì tún un kọ pẹ̀lú ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé. Ìwọ̀nba tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni àwọn ènìyàn ń wá lójú méjèèjì lónìí. Níhìn-ín náà, ìwé kékeré kan wà tó ń jẹ́ Up the Garden Path, tí wọ́n ṣe fún àjọ̀dún ọgbà òdòdó ní Stoke-on-Trent ní 1986. Ó ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ohun tó wú wa lórí jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn akójọ wọ̀nyí. Ẹ ṣe é kí á sọ èyí tó wú wa lórí. Lára páálí 1974, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: Gygax àti Arneson. Láti 1977, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ìwé ńláńlá jáde tí wọ́n pè ní Advanced Dungeons & Dragons, orúkọ Gygax nìkan ló sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní eré mìíràn nìyẹn. Arneson pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1979 nítorí owó ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní 1981. Gygax náà kò mú un lọ fẹ́rẹ̀ẹ́, nítorí ní 1985 ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ di ti ẹlòmíràn ní 1997. Gygax kú ní 2008, Arneson kú ní 2009. Kò sí ẹni tó lè bi wọ́n léèrè mọ́. Àmọ́ páálí aláwọ̀ igi wà, orúkọ méjèèjì sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú páálí ló tọ́jú ẹ̀rí.

Àwa nọ́ọ̀sì ní òfin kan tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti ọjọ́ kìíní: ohun tí o kò kọ sílẹ̀, o kò ṣe é. O lè fi gbogbo òru tọ́jú aláìsàn, bí kò bá sí nínú ìwé, kò sí ẹni tí yóò gbà ọ́ gbọ́ lówùúrọ̀. Àwa yóò fi èyí kún un: ohun tí a kọ tí a kò tọ́jú, ọ̀kan náà ni òun àti èyí tí a kò kọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó da páálí ọmọ yín nù, bóyá eré yìí ni o, bóyá òmíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣí i. Ẹ pe ọmọ náà, ẹ ní kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ má gbé e sí àjà tó ń jò tàbí abẹ́ ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin, torí píìnì á dípẹtà, bébà á sì hu. Ẹ má fi sẹ̀lótéèpù lẹ ibi tó ya. Ẹ má fi bíírò kọ ohunkóhun sí i. Yàrá gbígbẹ tí oòrùn kò ti ń ta sí i ló dára. Bákan náà, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tí ẹ fi ń di nǹkan, ẹ dákun, kí ẹnì kan nínú wa ní gbogbo rẹ̀ láti orí èkíní. Ẹni tó bá ní in kó sọ fún akọ̀wé.

Eré tí wọ́n fi ọwọ́ lẹ̀ nínú ilé wọ ilé ọlá àwọn ohun ìṣeré ní Rochester, New York, ní 2016. Ní 2024, tó pé àádọ́ta ọdún, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ yìí gbé àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù. Ohun tí wọ́n ní kí a jù sínú iná ní 1986 ti ń gbé orí ọba rìn.

Ní ti páálí Ìyá wa, a ti bi àwọn tó mọ iye owó rẹ̀. Ti 1983 ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ súà, kò lówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n ti di olówó. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìwé òfin, a rí bébà kan tí ọmọ fi pẹ́ńsù kọ. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe, ó kọ Kako, láìsí àmì ohùn. Níbi ohun ìjà, ó kọ kùmọ̀ ní èdè òyìnbó. A gbé bébà náà fún Ìyá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún wa pé àwọn fúnra wọn ló máa ń ka ìwé Fágúnwà fún àwọn ọmọ náà ní alẹ́ Sátidé, tí àwọn sì rò pé kò sí èyí tó ń fetí sílẹ̀ nínú wọn.

Páálí náà kò sí nínú ọjà àlòkù o, ẹ má wá a níbẹ̀. Ìyá ti gbé e padà sílé, wọ́n sì ti fi fóònù pe ọmọ. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, tiwọn ni.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa, kó sì jẹ́ kí ojú wa là sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọbẹ̀ ti gbóná.